Ọmọ mẹ́ta, ọ̀sẹ̀ kan ní ilẹ̀ Ọ̀kun: lẹ́yìn Òkè Patti, níbo ló kù?

ỌmọYàgbà_Èkó
Ọ̀kun o, gbogbo ilé. Ó ti tó ọdún méjì tí mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín níbí, n kò la ẹnu rí. Ẹ gbà mí.

Ọmọ Ìsánlú ní Yàgbà, ní ilẹ̀ Ọ̀kun ìpínlẹ̀ Kogí, ni bàbá mi, Èkó ni wọ́n bí mi sí. Ọmọ mẹ́ta ni mo ní: ọ̀kan ọdún mẹ́tàlá, ọ̀kan mẹ́wàá, ọ̀kan mẹ́fà. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n dé ilé rí, òkú bàbá àgbà la sì lọ sin. Ilé, ṣọ́ọ̀ṣì àti ibojì, ohun tí wọ́n mọ̀ ní Yàgbà nìyẹn. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni àbíkẹ́yìn bi mí pé, "Dádì, ṣé omi wà ní ìlú yín?" Ìlú yín o! Ó dùn mí.

Mo fẹ́ kó wọn lọ fún ọ̀sẹ̀ kan, kì í ṣe torí òkú, kì í ṣe torí ìgbéyàwó. Mo fẹ́ kí wọ́n gun òkè, kí wọ́n rí odò, kí wọ́n fọwọ́ kan omi. Ẹnikẹ́ni tí mo bá bi, Òkè Patti ní Lọ́kọ́jà ló máa dárúkọ, á sì dákẹ́. Ṣé ibẹ̀ nìkan la ní ni? Oṣù Kejìlá ni mo ń rò.

Màmá_Fẹlẹlẹ
Káàbọ̀, ọmọ mi. Lọ́kọ́jà ni mo ti tọ́ gbogbo ọmọ mi. Má wá ní oṣù Kejìlá. Ọyẹ́ á ti dé nígbà yẹn. Ẹ ó gun Òkè Patti títí eékún yín á fi máa gbọ̀n, ẹ ó dé òkè, eruku ni ẹ ó rí. Odò méjèèjì, Ọya àti Bẹ́núé, á wà nísàlẹ̀, ẹ ò sì ní mọ ibi tí wọ́n ti pàdé. Ọ̀rẹ́ mi kan kó àlejò láti Ìbàdàn wá lọ́dún Kérésì kan, ó ń nàka sí funfun, ó ní "ibẹ̀ yẹn ni." Wọ́n gbà á gbọ́, kí ni wọn ì bá ṣe?

Ẹ dúró di ìgbà tí òjò àkọ́rọ̀ bá ti fọ ojú ọ̀run. Ìyẹn ni pé Àjíǹde, tàbí lẹ́yìn rẹ̀ díẹ̀. Nígbà náà ẹ ó rí i kedere: Ọya ń bọ̀ láti àríwá, ó rí bí omi amọ̀, Bẹ́núé ń bọ̀ láti ìlà-oòrùn, àwọ̀ tirẹ̀ fẹ́ jọ ewé. Wọ́n á jọ máa lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn bí orogún tó ń bínú, àfi tó bá yá kí wọ́n tó dàpọ̀.

Ẹ má sì wá ní oṣù Kẹsàn-án tàbí Ìkẹwàá nítorí pé ojú ọjọ́ mọ́. Ìgbà yẹn ni odò kún jù. Ẹ rántí 2012, ẹ rántí 2022. Ní 2022, omi gba ọ̀nà Àbújá ní ìhà Koton Karfe, ọkọ̀ ò lè kọjá. Ilé àbúrò mi ní Adankolo, orí tábìlì ni wọ́n gbé bẹ́ẹ̀dì lé, omi tún bá a níbẹ̀.

Awakọ̀_Kàbà
Ohun tí Màmá sọ dá mi lójú. Ẹ jẹ́ kí n mú ti ọ̀nà.

Láti Èkó, ẹ gba Ìlọrin, Omù-Àrán, Ẹ̀gbẹ̀, kí ẹ wọ Ìsánlú. Ẹ sinmi nílé. Láti ibẹ̀, Mọ̀pà, Kàbà, Ọbájáná, Lọ́kọ́jà. Ọ̀nà Kàbà sí Ọbájáná tí wọ́n fi kọnkéré ṣe, kìlómítà 43, ó dán, ṣùgbọ́n àwọn tírélà sìmẹ́ǹtì ló ni ín. Bí ẹ bá rí wọn, ẹ yà fún wọn. Ẹ má bá wọn du nǹkan kan.

Èyí tó ṣe pàtàkì jù: kí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ máà bá yín lójú ọ̀nà. Gbogbo wa la mọ ìdí. Àwọn ajínigbé ò bi ẹnikẹ́ni pé òkú lo wá sin tàbí eré lo wá ṣe. Kí ẹ tó gbéra láàárọ̀, ẹ pe ẹnì kan ní ìlú tó kàn, ẹ béèrè bí ọ̀nà ṣe rí lánàá. Bí ó bá ní kí ẹ dúró, ẹ dúró. Mo ti ń wa ọkọ̀ lọ́nà yìí tipẹ́, kò sí ohun mìíràn tí mò ń ṣe ju ìyẹn lọ.

Tọ́lá_Àbújá
Ẹ má fojú kéré Òkè Patti o. Ibẹ̀ ni ìyàwó Lugard dúró sí, tó wo odò, tó sì fún wa lórúkọ. Kí àwọn ọmọ dúró síbi tí Nàìjíríà ti bẹ̀rẹ̀, kí ni wọ́n tún ń wá?

Bàbá_Olùkọ́
Tọ́lá, ọmọ mi, ìtàn yẹn dùn, ṣùgbọ́n ọjọ́ kò bá a mu. Ọjọ́ 8 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1897 ni orúkọ Nàìjíríà jáde nínú ìwé ìròyìn The Times ní Lọ́ńdọ̀nù. Flora Shaw ló kọ ọ́. Akọ̀ròyìn ni, Lọ́ńdọ̀nù ló sì ti kọ ọ́. Ọdún 1902 ni Lugard fẹ́ ẹ. Lugard alára, ọjọ́ 1 oṣù Kìn-ín-ní 1900 ló gba ilẹ̀ àríwá lọ́wọ́ kọ́ńpìnnì Royal Niger ní Lọ́kọ́jà, tí wọ́n fa àsíà ọba òyìnbó sókè. Ẹ ṣírò rẹ̀ fúnra yín: ní 1897, ta ni ìyàwó ta?

Ilé ìsinmi Lugard wà lórí òkè lóòótọ́, igi oṣè ńlá náà sì wà níbẹ̀. Ẹ fi hàn wọ́n. Ṣùgbọ́n ohun tí ọmọ Ọ̀kun ní láti mọ̀ nípa oṣù yẹn kì í ṣe orúkọ. Nínú oṣù kan náà, oṣù Kìn-ín-ní 1897, ni àwọn ọmọ ogun kọ́ńpìnnì gbéra láti Lọ́kọ́jà lọ sí Kàbà, nítorí ibẹ̀ ni ogun Nupe pàgọ́ sí. Nígbà tí wọ́n máa dé, àgọ́ ti ṣófo. Wọ́n kọjú sí Bídà, olú ìlú Nupe, Bídà sì ṣubú kí oṣù tó parí. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ṣáájú ìgbà yẹn, orí àpáta ni àwọn baba ńlá wa ń sá lọ bí wọ́n bá gbúròó ẹlẹ́ṣin Nupe.

Nítorí náà, àwọn àpáta tí ẹ máa rí láti fèrèsé ọkọ̀, ilé ni wọ́n. Ẹ mú àwọn ọmọ gun ọ̀kan péré nítòsí Ìsánlú, kí ó máà ga púpọ̀. Kí wọ́n jókòó sórí rẹ̀, kí ẹ bi wọ́n pé: láti ibí, ta ni ẹ lè rí tó ń bọ̀? Ẹ má fi kún un.

Tọ́lá_Àbújá
Ẹ ṣeun, sà. Ó ti tó ogún ọdún tí mo ti ń sọ ìtàn ìyàwó Lugard fún àlejò. Ta ló kọ́ mi gan-an?

Bàbá_Olùkọ́
Ó lè jẹ́ èmi. Bẹ́ẹ̀ náà ni mo kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì mi fún ọdún púpọ̀, kí n tó lọ wo ọjọ́ tó wà lórí ìwé ìròyìn náà.

Kò_sẹ́lẹ́jọ́
Ẹ máa tan ara yín. Èmi náà kó ẹbí mi lọ síbì kan létí odò lọ́dún méjì sẹ́yìn, n kò ní dárúkọ. Wọ́n ti gba owó yàrá ṣíwájú. A dé, omi ò sẹ́rọ̀, jẹnẹrétọ̀ ń sùn. Mo ní ọkọ̀ ojú omi tí ẹ polówó ńkọ́? Ọmọkùnrin kan gbé ọkọ̀ onípákó wá, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń tú èéfín, kò sí láìfù jákẹ́ẹ̀tì kankan. Mo béèrè. Ó ní, "Àǹtí, èmi mọ̀ ọ́n wẹ̀." Ìwọ mọ̀ ọ́n wẹ̀! Ọmọ mi ńkọ́?

A padà sí yàrá, a jẹ búrẹ́dì. Ẹ̀bùn Ọlọ́run wà ní ilẹ̀ wa, mo gbà. Ẹni tó máa gba àlejò ni kò sí. Bí ẹnì kan kò bá tíì kọ́ ilé ìtura gidi, kí ó fi páìpù omi sí i, kí ó ra jákẹ́ẹ̀tì, ẹ yé pe ènìyàn wá.

Ọdẹ_Bùnú
Àǹtí, ẹ máà bínú, mo bá yín kẹ́dùn ti ọkọ̀ yẹn. Ṣùgbọ́n èmi ò fara mọ́ "ẹ yé pe ènìyàn wá." Ní abúlé tiwa, omi kan ń já bọ́ látorí àpáta nígbà òjò, ìró rẹ̀ ń dé oko. Àwọn ọ̀dọ́ kan wá láti ìlú ńlá, wọ́n ya fídíò, wọ́n gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Oṣù kan lẹ́yìn náà, àwọn míì gbé ọ̀kadà wá, wọ́n jó iná lábẹ́ àpáta, wọ́n da ọ̀rá píọ̀ wọ́tà síbi tí àwọn ìyá wa ti ń pọnmi. Bí wọ́n bá kọ́ ilé ìtura síbẹ̀ lónìí, ta ni owó rẹ̀ máa bọ́ sí lọ́wọ́? Ṣé ìyá tó ń pọnmi ni?

Ìdí nìyẹn tí n kò fi ní kọ orúkọ abúlé náà síbí. Ẹ̀gbọ́n láti Èkó, bí ẹ bá fẹ́ dé Bùnú, ẹ wá gẹ́gẹ́ bí ọmọ ilé. Ẹ lọ kí baálẹ̀ kọ́kọ́, ẹ mú obì dání. Ọdẹ kan á mú yín lọ. Ẹ ó fún un lówó, kò ní dá iye lé e, ẹ má sì fún un ní èyí tó máa tì yín lójú.

Bí ọmọ yín obìnrin bá fẹ́ràn aṣọ, ẹ béèrè aṣọ ìpò. Aṣọ pupa ni, ti òkú àwọn ẹni ńlá. Ní ayé àtijọ́, aṣọ òyìnbó ni wọ́n ń tú kí wọ́n tó rí òwú pupa rẹ̀. Kò sí lọ́jà o. Ẹni tó bá ní in kì í tà á, ṣùgbọ́n ó lè tú u kí ẹ wò ó.

Adùnní_Ògìdì
Ọ̀rọ̀ aṣọ ló gbé mi jáde. Ẹ ṣáà kọjá Kàbà kí ẹ yà sí Ìjùmú. Ìlú wa, Ògìdì, wà láàrin òkè, ó sì tutù ju Lọ́kọ́jà lọ. Nike Davies-Okundaye, ọmọ ìlú wa, ní ibùdó ọnà kan níbẹ̀, aró rírẹ àti aṣọ híhun. Ṣùgbọ́n ẹ má parí rẹ̀ síbẹ̀. Ẹ bi àwọn ìyá àgbà bóyá òfì wà nílé wọn. Òfì àwọn obìnrin wa kì í ṣe èyí tí wọ́n ń na òwú rẹ̀ sílẹ̀ gbọọrọ bí ti ọkùnrin. Ó dúró ni, ó fara ti ògiri. Ọmọ ọdún mẹ́wàá lè jókòó tì í, kí ó fi òwú gba àárín rẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀mẹta. Ọmọ tèmi ṣe é, ó ba ìlà kan jẹ́, ìyá àgbà ò tú u. Ó ní kí ó wà bẹ́ẹ̀.

Kajú á ti pọ́n nígbà Àjíǹde. Ẹ sọ fún àwọn ọmọ kí wọ́n wọ aṣọ tó ti gbó.

Nọ́ọ̀sì_Mọ̀pà
Ọ̀rọ̀ kan péré, kí n tó padà síbi iṣẹ́. Omi tó dúró sójú kan, etí adágún, etí ìsédò, àtọ̀sí ajá lè wà níbẹ̀. Ara ìgbín kéékèèké inú omi ló ti ń jáde, awọ ara ló ń gbà wọlé, kò dìgbà tí ọmọ bá mu ún. Omi tó ń sáré láàrin àpáta, kòkòrò dúdú tó ń mu ẹ̀jẹ̀ wà níbẹ̀, òun ló ń gbé àìsàn tó ń fọ́ni lójú kiri. Mi ò ní kí wọ́n má dé odò. Kí wọ́n wọ aṣọ alápá gígùn, kí wọ́n má lúwẹ̀ẹ́ nínú ìsédò. Bí ìtọ̀ ọmọ bá pọ́n lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ẹ gbé e lọ fún àyẹ̀wò, ẹ sọ fún dókítà pé ó wọ omi. Oògùn rẹ̀ wà, ó sì ń ṣiṣẹ́.

ỌmọYàgbà_Èkó
Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun. N kò retí èyí. Mo ti sún un sí Àjíǹde. Ìbéèrè méjì: Nọ́ọ̀sì dárúkọ ìsédò, èwo nìyẹn? Ẹ̀ẹ̀kejì, ọkọ̀ ojú omi. Àǹtí Kò_sẹ́lẹ́jọ́ ti já mi láyà.

Awakọ̀_Kàbà
Ìsédò Kampe ni, ní ìlú Omi, lọ́nà Èjìbà. Ìjọba fi sé odò Kampe fún oko ìrẹsì. Àwọn apẹja wà lórí rẹ̀, ẹyẹ pọ̀ níbẹ̀ ní òwúrọ̀. Kò sí ilé ìtura, kò sí ẹni tó ń ta nǹkan. Ẹ gbé oúnjẹ yín dání. Èmi fẹ́ràn ibẹ̀ ju Òkè Patti lọ, ṣùgbọ́n ẹ má sọ fún Tọ́lá.

Màmá_Fẹlẹlẹ
Ti ọkọ̀, ẹ ra jákẹ́ẹ̀tì tiyín láti Èkó. Mẹ́ta ti ọmọdé, méjì ti àgbà. Ẹ ṣe é bí ẹni ra bàtà ilé-ìwé, kí ó bá ara mu. Lẹ́yìn náà, ẹ má lọ sí ibi ìgbafẹ́ kankan. Ẹ lọ sí èbúté tí àwọn ará ìlú ti ń sọdá sí Shintaku. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń kó ènìyàn àti iṣu kọjá, wọ́n mọ ojú odò. Ẹ wá àgbàlagbà, ẹ gba ọkọ̀ rẹ̀ fún ara yín nìkan, kí wọ́n má kó iṣu lé e. Òwúrọ̀ ni, kí afẹ́fẹ́ tó dìde. Lẹ́yìn ọ̀sán, odò yẹn máa ń ru, àlejò ò ní mọ̀.

Nígbà Àjíǹde, omi á ti fà, iyanrìn á ti yọ láàrin odò. Àwọn kan ń gbin nǹkan sórí rẹ̀. Kí ó gbé yín sórí iyanrìn yẹn. Kí àwọn ọmọ rìn níbẹ̀. Kí wọ́n máà wọ inú omi kọjá kókósẹ̀, ilẹ̀ ibẹ̀ máa ń ya lójijì.

Bàbá_Olùkọ́
Bí ẹ bá wà lórí iyanrìn yẹn, ẹ sọ ti Àjàyí Crowther fún wọn. Ọmọ Òṣòògùn tí wọ́n kó lẹ́rú ní 1821, tó wá bá ọkọ̀ òyìnbó gun odò yìí ní 1841. Ibà pa àwọn òyìnbó ọdún yẹn bí ẹyẹ. Ní 1854 wọ́n tún padà wá, Baikie ló ṣáájú, Pleiad ni orúkọ ọkọ̀ wọn, Crowther tún wà nínú rẹ̀. Wọ́n ń lo kuiníìnì, oògùn ibà, lójoojúmọ́. Ẹnì kankan nínú wọn kò kú. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá á fẹ́ràn ìyẹn, ó jọ ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì.

Itẹ́ òkú àwọn òyìnbó wà ní Lọ́kọ́jà. Òpó irin ibi tí wọ́n ti ń dá ẹrú sílẹ̀ wà níbẹ̀. Aliyu ọba Kano tí òyìnbó mú ní 1903, Lọ́kọ́jà ló kú sí…

Màmá_Fẹlẹlẹ
Sà, àwọn ọmọdé ni o. Bàbá wọn ti ní òun ò fẹ́ ibojì mọ́.

Bàbá_Olùkọ́
Ó dáa, mo gbà. Òpó irin nìkan.

Kò_sẹ́lẹ́jọ́
Ẹ padà wá sọ fún wa bó ṣe rí. Kì í ṣe fọ́tò nìkan o. Ẹ sọ òtítọ́.

ỌmọYàgbà_Èkó
Ọ̀kun o. A ti padà dé Èkó. Ọjọ́ kẹta rèé. Òtítọ́ ni Àǹtí ní kí n sọ, n ó sọ ọ́.

Èyí tí kò dáa: ooru Lọ́kọ́jà fẹ́ pa wá. Ẹnì kan gba owó lọ́wọ́ wa kí a tó gun Òkè Patti, ẹlòmíì tún gba ti pé a ń sọ̀ kalẹ̀, kò sẹ́ni tó fún wa ní rìsíìtì. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kan ṣoṣo tí a rí, mo ní kí ìyàwó mi máà wọlé. Ní Kampe, àwọn ọmọ jókòó fún ogún ìṣẹ́jú, wọ́n ní "Dádì, kí ló kàn?" Ẹyẹ ò tó fún wọn. Awakọ̀, ẹ máà bínú, èmi gbádùn rẹ̀.

Àpáta: ẹ̀gbọ́n bàbá mi, ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin, ló ṣíwájú wa, ó mú ọ̀pá dání, ó ń dúró dè wá. Nígbà tí a dé òkè, mo bi wọ́n ní ìbéèrè Bàbá Olùkọ́. Wọ́n dákẹ́. Èyí ọdún mẹ́tàlá nàka sí eruku kan lọ́nà jíjìn, ó ní ọkọ̀ kan ń bọ̀. A ò tíì gbọ́ nǹkan kan. Ó pẹ́ gan-an kí tírélà náà tó yọ. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi rẹ́rìn-ín, ó ní, "Wọ́n ti bọ́ nù un." Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ti ìyá ìyá rẹ̀, ìtàn tí èmi tí mo ti fẹ́ pé àádọ́ta ọdún ò gbọ́ rí. N ó kọ ìyẹn síbí lọ́jọ́ míì.

Ògìdì: èyí ọdún mẹ́wàá hun ìlà mẹ́rin. Màmá náà ò tú u. Adùnní, kí ni ẹ ń ṣe fún àwọn ìyá àgbà yẹn?

Odò: bàbá arúgbó kan, Kakanda ni, kò sọ̀rọ̀ púpọ̀. Jákẹ́ẹ̀tì Èkó yà á lẹ́nu, ó wo ti èyí kékeré, ó bi mí ní iye rẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀mejì. Ó gbé wa lọ sórí iyanrìn. Kò gba wákàtí kan tí ẹsẹ̀ wọn ti kún fún iyanrìn, wọ́n rí apẹja tó ń yọ àrọ̀ nínú àwọ̀n, a rà méjì. Àbíkẹ́yìn mú ìgò omi òfìfo méjì, ó bu omi Ọya sínú ọ̀kan, ó ní kí bàbá náà wa òun lọ síbi tí Bẹ́núé wà, ó bu ìyẹn sínú èkejì. Ìgò kan pọ́n, èkejì ṣe bí ewé díẹ̀. Ó fi wọ́n sí ẹsẹ̀ rẹ̀ nínú ọkọ̀, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn wọ́n.

Nígbà tí a máa fi dé Ìlọrin, ẹrẹ̀ ti rọ̀ sísàlẹ̀, ìgò méjèèjì mọ́ gaara, kò sí ẹni tó mọ èwo ni èwo. Ó bú sẹ́kún. Ó ní èmi ni mo pààrọ̀ wọn nígbà tó sùn.

Nọ́ọ̀sì_Mọ̀pà
Ẹ da omi yẹn nù, ẹ jọ̀ọ́.

ỌmọYàgbà_Èkó
Ẹ wá sọ fún un fúnra yín. Ó ti kọ orúkọ sí wọn lára báyìí.

Kò_sẹ́lẹ́jọ́
Ẹ fi nọ́ńbà bàbá ọlọ́kọ̀ yẹn ránṣẹ́ sí mi ní ìkọ̀kọ̀. Mo ń bọ̀ wá ra jákẹ́ẹ̀tì.